Ọ̀tá Màmá Jésùfẹ́mi

Ìjọ Aládúrà kan wà ní Creekmouth, lápá Barking nílùú òyìnbó, láàárín ilé tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe àti ilé tí wọ́n ń kó fìríìjì pamọ́ sí. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, Tiwaladé fa àga méjì sí ìdí ògiri, ó gbé fọ́ọ̀mù lé itan. Ọmọ ìjọ ni, àmọ́ yunifásítì kan gbà á síṣẹ́ pé kó máa bi àwọn èèyàn rẹ̀ léèrè ìdí tí àwọn obìnrin dúdú fi ń pẹ́ ju àwọn òyìnbó lọ kí wọ́n tó rí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́ náà, ó sì gbà pé òun ti di ìjìmì. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá jókòó níwájú rẹ̀ ni Màmá Jésùfẹ́mi, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà.

"Màmá, àwa ará àdúgbò la jókòó pẹ̀lú yunifásítì láti ṣe àwọn ìbéèrè yìí."

"Àwa wo?"

"Àwa tí à ń gbé níbí, mà."

"Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń gbé níbí. Ẹnikẹ́ni ò bá mi jókòó."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá yín jókòó báyìí, mà. Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ẹ ní kókó kankan nínú ọmú?"

Màmá Jésùfẹ́mi gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó yí i ká orí lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ta ìka sí ọ̀nà ìlẹ̀kùn.

"Ọ̀tá mi ni."

"Ìbéèrè lásán ni, mà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni èpè ṣe ń bẹ̀rẹ̀."

"Tóò. Ìbéèrè kejì: ṣé ẹ ti ní jẹjẹrẹ rí?"

"Orí ọ̀tá mi."

"Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí yín ti ní in?"

"Ẹbí ọ̀tá mi."

Tiwaladé wo fọ́ọ̀mù. Ibi tí wọ́n ń fàmì sí fún 'bẹ́ẹ̀ ni' wà, ti 'bẹ́ẹ̀ kọ́' wà, ti 'mi ò mọ̀' náà wà. Kò sí ti ọ̀tá. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìbéèrè, àmọ́ àwọn tó kìlọ̀ kò mọ Màmá Jésùfẹ́mi. Ìbéèrè mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì ṣẹ́ kù. Ó ronú kan ọgbọ́n kan, ọgbọ́n náà sì dùn mọ́ ọn nínú.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi tiyín sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kúkú béèrè ti ọ̀tá yín."

"O ti ń gbọ́n."

"Ṣé ọ̀tá yín ní kókó nínú ọmú?"

"Ó ní."

Tiwaladé ti fẹ́ fàmì sí 'bẹ́ẹ̀ kọ́', ló bá gbé bírò kúrò lórí ìwé.

"Apá wo, mà?"

"Òsì. Nítòsí abíyá."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pé oṣù mẹ́rin. Ọ̀tá mi ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó kàn án."

"Ibo ni ọ̀tá yín ń gbé?"

"Marks Gate."

"Ẹ̀yin náà, Marks Gate lẹ̀ ń gbé."

"Ṣé ọ̀nà jíjìn ni aṣeni máa ń gbé ni?"

Ẹ̀rù ba Tiwaladé. Ìyá yìí ló kọ́ ọ lórin nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ń ṣe é bíi kó sunkún, àmọ́ ó mọ̀ pé bí òun bá fi lè dárúkọ ẹni tó ni ọmú náà, ìyá á dìde, á sì wọ bọ́ọ̀sì Barking lọ. Ó ń bá fọ́ọ̀mù lọ.

"Ṣé ọ̀tá yín ti rí dókítà?"

"Ó lọ lẹ́ẹ̀kan. Dókítà ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, kó lọ sinmi."

"Kò yẹ ọmú náà wò?"

"Kọ̀ǹpútà ló ń wò."

"Ọ̀tá yín ò wá padà lọ?"

"Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń gbé fóònù nílé dókítà. Aago mẹ́jọ, inú bọ́ọ̀sì ni ọ̀tá mi máa ń wà, tí Alàgbà Lazarus ìjọ wa á jókòó tì í, tí á máa gbọ́ gbogbo ohun tó bá sọ. Receptionist tó gbé fóònù ní kó sọ ohun tó ń ṣe é. Ó ní orí ń fọ́ òun."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Wọ́n ní kó lo paracetamol. Ó lò ó."

"Ó sọ fún wòlíì?"

"Ó ní orí ń fọ́ òun. Wòlíì fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀tá mi rù. Kókó ò rù."

"Mo rántí pé ẹ̀yin náà gbààwẹ̀ lóṣù tó kọjá, mà."

"Mo bá a gbà á ni. Bíbélì ní ká gbàdúrà fún ọ̀tá."

"Jésùfẹ́mi ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

"Jésùfẹ́mi ò mọ ọ̀tá mi. Ìdánwò ló ń ṣe lọ́wọ́ ní Leeds."

Tiwaladé ṣí ojú ìwé tó kàn.

"Wọ́n ní kí ló mú kí ọ̀tá yín pẹ́ tó báyìí. Ṣé iṣẹ́ ni, àbí ọ̀nà tó jìn, àbí ìbẹ̀rù?"

Màmá Jésùfẹ́mi nàka sí fọ́ọ̀mù náà.

"Kọ ọ́ pé gbogbo yín lẹ̀ ń béèrè àlàáfíà mi, èmi náà sì ń dáhùn pé a dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀tá mi rí."

Wọn ò fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹn náà. Tiwaladé kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù, gàdàgbà-gàdàgbà. Lẹ́yìn náà ló fi fóònù kọ̀wé sí Catherine, nọ́ọ̀sì tó ń bá wọn ṣe ìwádìí náà. Kò pẹ́ tí èsì fi dé.

"Catherine ní òun á bá dókítà obìnrin kan sọ ọ́ fúnra òun. Tuesday, aago mẹ́sàn-án. Ó fẹ́ mọ orúkọ ọ̀tá yín, mà."

"Kọ orúkọ mi."

"Ọjọ́ ìbí rẹ̀?"

"Kọ tèmi."

"Nọ́ńbà fóònù rẹ̀?"

"Tèmi ni kó pè. Ọ̀tá mi kì í gbé tirẹ̀."

"Ta ló máa sìn ín lọ, mà?"

Màmá Jésùfẹ́mi na sùtánà rẹ̀ lórí orúnkún, ó tún un nà.

"Èmi ni. Ọ̀tá mi ni, àmọ́ kò lẹ́lòmíràn."

"Ṣé èmi náà lè tẹ̀lé yín?"

"Kọ́kọ́ bi Catherine bóyá àga á tó ẹni mẹ́ta."