Ẹṣin Tó Kéré Jù

Ọjà ẹran ti ń tú nígbà tí oníbúrẹ́dì kan wá dúró síwájú ẹṣin kan ṣoṣo tó kù sọ́wọ́ Mọ̀ọ́nwò, alágbàtà ẹṣin. Ìrètí Mọ̀ọ́nwò sọjí. Láàárọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé bí ẹṣin yìí bá tún fi lè padà wá sílé, ẹṣin ni yóò sùn ní yàrá, ọkọ ni yóò sùn ní ibùjẹ ẹran. Obìnrin náà kì í sì í sọ̀rọ̀ lásán. Gbogbo ẹ̀fọ́ tó gbìn sẹ́yìnkùlé ni ẹṣin ti jẹ tán pátápátá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà o."

"Àbúrò mi, káàbọ̀! Ojú ẹ ríran. Nínú gbogbo ẹṣin tó wọ ọjà yìí lónìí, èyí tó já fáfá jù lo wá dúró tì."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mi ò ní sọ. Tí mo bá sọ, wàá ní alágbàtà ti tún dé. Eyín ẹ̀ ló máa sọ fún ẹ. Eyín ẹṣin kì í parọ́, àbúrò. Èèyàn ló ń parọ́."

Ó fa ètè ìsàlẹ̀ ẹṣin náà wálẹ̀. Ẹṣin ò jà rárá, ó lanu sílẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lára.

"Tẹ orí wálẹ̀ dáadáa. Ṣé o rí ihò dúdú tó wà láàárín eyín iwájú kọ̀ọ̀kan?"

"Mo rí i."

"Ọmọdé ló ń ní in. Bí ẹṣin bá ṣe ń jẹ koríko, bẹ́ẹ̀ ni koríko ń jẹ eyín ẹṣin, títí ihò á fi pa rẹ́. Ti arúgbó, pẹrẹsẹ báyìí ló máa ń rí, bí ojú ọlọ. Èyí ńkọ́?"

"Ihò yìí mà jìn o."

"Ìwọ náà ti rí i! Ọmọ ọdún márùn-ún péré!"

Oníbúrẹ́dì fi ìka kan ihò náà, ó mí kanlẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Ó mà ṣe o. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ó dàbọ̀."

"Ó dàbọ̀ kẹ̀? Níbo lò ń lọ?"

"Bàbá mi ni mò ń wá ẹṣin fún. Wọ́n máa ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbé búrẹ́dì mi kiri. Ẹṣin ọ̀dọ́ tí mo rà fún wọn ti gbé wọn sọ sí kòtò lẹ́ẹ̀mejì. Ìbàdí ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n láwọn ò ní jókòó sílé. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Arúgbó ẹṣin ni mò ń wá, èyí tí kò ní sáré bí ilé tiẹ̀ ń jó."

Mọ̀ọ́nwò wo ẹṣin, ẹṣin náà wò ó. Ọmọ ogún ọdún ni ẹṣin yìí. Mọ̀ọ́nwò fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ihò sí i léyín, tó fi irin gbígbóná sun ún títí ó fi dú. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà títí di ìṣẹ́jú yìí.

"Àbúrò, dúró! Ṣé márùn-ún ni mo pè? Mẹ́wàá ni mo fẹ́ sọ."

"Ihò yẹn ńkọ́?"

"Ihò... ti àwọn kan kì í tètè pa rẹ́. Kódà, á tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹṣin yìí mà ń yára dàgbà."

Mọ̀ọ́nwò wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó dáa. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ogún ọdún náà gan-an ni ẹṣin yìí. Èmi ni mo gbẹ́ ihò yẹn. Mo ti jẹ́wọ́."

Oníbúrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ fẹ́ tajà ni, mi ò bá yín wí. Ta ló máa kówọ́ sẹ́nu ẹṣin, táá máa gbẹ́ ihò, tí ẹṣin á kàn máa wò ó?"

"Arúgbó ni! Kò lágbára àtibu èèyàn jẹ mọ́! Wo òkè ojú ẹ̀ bó ṣe jìn wọnú."

"Ebi ni. Ẹ máa fún ọmọ lóúnjẹ."

Mọ̀ọ́nwò tutọ́ sí àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu iwájú orí ẹṣin náà kíkankíkan, títí aró dúdú tó ti fi kùn ún fi ṣí kúrò tí irun funfun yọ.

"Ewú! Ewú rèé!"

"Àmì iwájú orí nìyẹn. Ó mà bá a mu o."

"Jẹ́ kó rìn, wàá rí i."

Ó fa ìjánu. Ẹṣin gbé ẹsẹ̀ kan, ó rò ó wò, ó dá a padà síbi tó ti gbé e.

"Kò tíì mọ̀ ọ́n rìn," ni oníbúrẹ́dì wí. Àánú ṣe é gidi.

"Mo fi ìyàwó mi búra, ogún ọdún ni!"

"Ṣé ìyàwó yín ló gbẹ̀bí ẹ̀ ni?"

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kù tà," ni Mọ̀ọ́nwò ń kùn. Ó ti ń rí ibùjẹ ẹran lọ́ọ̀ọ́kán. "Àbúrò, mo bẹ̀ ẹ́. Ẹṣin tí bàbá ẹ nílò gan-an nìyí. Kí ló dé tó ò gbà mí gbọ́?"

"Mo mà gbà yín gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi? Ẹ léyín ẹṣin kì í parọ́, èèyàn ló ń parọ́. Mo ti rí eyín báyìí, mo sì ń gbọ́ èèyàn."

Ìdúró ti sú ẹṣin. Ó rọra gbé àgbọ̀n lé Mọ̀ọ́nwò léjìká, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Oníbúrẹ́dì fọwọ́ pa á létí jẹ́jẹ́.

"Ẹ ò rí i, oorun ti ń kun ọmọ. Ẹ̀gbọ́n, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ mú un lọ sílé kó lọ sùn. Tó bá dàgbà, ẹ ránṣẹ́ sí mi."