Ọ̀gá Haskamp àti Ọjọ́ Kíkà

Verlin Haskamp kì í ṣe òpùrọ́. Ó kàn jẹ́ pé nọ́ńbà kì í gba ẹnu rẹ̀ kọjá kó má sanra ni. Bó bá pa ẹja kan lódò, mẹ́rin ló máa délé. Òjò tó rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́nu Haskamp, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi rọ̀.

Ọkùnrin yìí ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ti ìjọba ní Tamrack Creek, ní Michigan, níbi tí àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá ti ń kàwé. Bi í pé akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ní, á fẹ̀yìn ti àga rẹ̀: "À ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún." Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni wọ́n. Lóòótọ́, wọ́n ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, bí ìgbín ṣe ń sún mọ́ Chicago.

Ní oṣù kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀wé sí i. Bí ọmọ tó wà lórí ìjókòó ní Ọjọ́ Kíkà kò bá pé ọgọ́ta, wọ́n á ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa, bọ́ọ̀sì á sì máa kó àwọn ọmọ lọ sí Brandt Falls, lódìkejì odò. Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá ni Ọjọ́ Kíkà, ọjọ́ tí ìjọba ń rán ẹnì kan wá ka iye àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ náà, ọmọ tó ń wúkọ́ gan-an, ìyá rẹ̀ á fi súẹ́tà wé e wá, ilé-ẹ̀kọ́ á sì pín áísìkirímù kí ilé má bàa wu ẹnikẹ́ni í jókòó sí.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ náà, Lorna Wiltse wọlé tọ ọ̀gá rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Lorna ti fi ń ṣe akọ̀wé níbẹ̀. Ó lè fi ikọ́ nìkan dá ọmọ mọ̀.

"Ọ̀gá, gbogbo wọn ti dé. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta."

"Tún wọn kà."

"Mo ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò tíì bímọ."

Haskamp nu iwájú orí rẹ̀.

"Bàbá kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni Lorna wí. "Eusebio, ará Guatemala tó ń ká ápù lóko Vandermolen. Ọmọ mẹ́ta ló kó wá. Wọ́n wọ ọ́fíìsì yín, wọ́n jáde, mi ò tún rí wọn mọ́. Kí lẹ sọ fún un?"

Haskamp kọjú sí fèrèsé. "Mo kí i káàbọ̀."

"Ọ̀gá!"

"Ó ṣeé ṣe kí n ti mẹ́nu ba irú ọmọ tó ń wá síbí. Díẹ̀ báyìí."

Lorna na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i.

Lóko Vandermolen, orí àkàbà ni Haskamp ti bá Eusebio, àpò ápù rọ̀ sí i láyà. Eusebio kò sọ̀ kalẹ̀. Àwọn mẹ́jọ mìíràn tó wà lórí àkàbà tiwọn dáwọ́ dúró kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Brandt Falls làwọn ọmọ mi á ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Tiyín ju agbára wa lọ. Ẹ ní ọmọ dókítà ló kún ibẹ̀."

"Ẹyọ kan ni."

"Dókítà kí ni?"

"Eyín."

"Ọmọ dókítà eyín?"

"Ọmọ ẹni tó ń gbálẹ̀ fún un."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lókè igi, ápù rẹ̀ sì jábọ́.

"Ẹ ní gbogbo wọn ló ń tẹ dùùrù."

"Dùùrù kan wà."

"Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"

"Eku."

"Ìdánwò olójú-ìwé ogún tẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó wọlé ńkọ́?"

Haskamp ṣí fìlà. "Kò sí ìdánwò kankan, bàbá. Ẹni tó bá ti rí ilẹ̀kùn ń wọlé."

"Irú ọmọ wo ló wá wà níbẹ̀ gan-an?"

Haskamp wo ilẹ̀. "Ọmọ awakọ̀ tírélà. Ọmọ àwọn tó ń ká ápù. Àwọn tí ìyá-ìyá wọn ń tọ́. Ọ̀kan tí bàbá rẹ̀ kú nígbà òtútù, tó ṣì ń wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá. Ọmọ bíi tiyín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Eusebio sọ̀ kalẹ̀. "Ìyẹn lẹ ò bá sọ fún mi lọ́jọ́ náà," ló wí, ó sì lọ pe àwọn ọmọ.

Nígbà tó fi máa di aago méjì, àwọn mẹ́ta náà ti wà lórí ìjókòó, orúkọ wọn ti wọ ìwé. Ìyáàfin Ardis Pohl tí ìjọba rán wá ń rìn láti ìlà kan sí òmíràn, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà wọ́n.

"Ọgọ́ta. Ó pé géérégé."

Lorna fara ti ògiri, omi lé sí i lójú. Bí Haskamp bá pa ẹnu dé nígbà náà, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà ṣe ń dé kálámù rẹ̀, ó fi ọ̀yàyà béèrè pé, "Báwo niṣẹ́, ọ̀gá?"

Àyà Haskamp wú. "Iṣẹ́ kẹ̀? Ìyáàfin, ẹ ò tíì rí nǹkan kan! Ọmọ ń ya wọlé bí omi! Inú yàrá ìgbálẹ̀ la ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò! Ògiri ilé yìí ti ń sán!"

Lorna ń mi orí sí i títí ọrùn fi ń ro ó.

Obìnrin náà tún ṣí kálámù rẹ̀. "Ògiri ń sán?"

"Látòkè délẹ̀!"

Ó kọ̀wé, ó pẹ́ lórí ẹ̀. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ fún mi. A ò lè fi ẹ̀mí ọmọ ṣeré nínú ilé tó ti sán. Lónìí náà ni màá ní kí wọ́n tì í."

Haskamp la ẹnu. Nọ́ńbà kankan kò jáde.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá," ni Ìyáàfin Pohl wí, ó rọra fọwọ́ gbá a léjìká. "Àyè wà ní Brandt Falls. Gbogbo ọgọ́ta ni wọ́n á gbà."