Irùngbọ̀n Pemberton

Ẹ bá mi kí Sẹlẹ́kítọ̀! Ẹ kí i dáadáa o, torí tí ẹ ò bá kí i, á kí ara ẹ̀. Ajíyan-ẹgbẹ́-kí-òyìnbó-tó-jí! Jókòó-sí-Maryland-wo-inú-ìkòkò-London! Ọláńrewájú ni orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ ó ti pẹ́ tí orúkọ yẹn ti fún un lọ́rùn.

Tí Sẹlẹ́kítọ̀ bá fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ná, kí gbogbo ojú lè rí kóòtù funfun tó wọ̀, tó ní bọ́tìnnì góòlù. Ó ní àwọn ará Kent ló fi ta òun lọ́rẹ ní England. Èmi rí ìkejì kóòtù yẹn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Largo, níbí ní Maryland, ó so rọ̀ sórí hángà, wọ́n kọ "sale" sí i lára. Mo fi ẹ̀rín sínú.

Kí ló wá ń jẹ́ Sẹlẹ́kítọ̀? Ó ní òun mọ gbogbo ẹni tí England máa yàn sínú ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì wọn, kí wọ́n tó yàn wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ kíríkẹ́ẹ̀tì, ẹ fara balẹ̀, èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n á wọ funfun bí ẹni tó fẹ́ ṣèrìbọmi, ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi pẹlẹbẹ gbá a, wọ́n á lọ mu tíì, wọ́n á tún padà wá bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko! Nígbà míì, wọ́n á gbá a tán, kò ní sẹ́ni tó borí. Kàúńtì kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ òyìnbó, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa nílé, ló ní ẹgbẹ́ tiẹ̀, àwọn tó bá mọ̀ ọ́n gbá jù níbẹ̀ ni wọ́n ń ṣà jọ fún England. Kàúńtì làwa náà ń gbé níbí ní Prince George's, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó wá ṣa èmi.

Àbúrò mi, Oyinkán, ló gbé kíríkẹ́ẹ̀tì wọ ilé wa. Nọ́ọ̀sì ni. Kó tó wá sí America, ìlú Taunton ní England ló ti ṣiṣẹ́. Àwọn bàbá arúgbó tó ń tọ́jú níbẹ̀ máa ń gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ẹgbẹ́ kàúńtì wọn, Somerset, ni wọ́n máa ń gbọ́. Bí Somerset ṣe wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Títí dòní, tó bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé, á tan fóònù sórí tábìlì, á máa jẹun, Somerset á máa gbá tiwọn. Tí wọ́n bá ti na Somerset, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọkọ ẹ̀ ti kú, ọdún mẹ́ta rèé. Látìgbà yẹn, ọkùnrin tó ń ka kíríkẹ́ẹ̀tì nínú fóònù yẹn nìkan ni ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nílé wa.

Fort Washington ni ilé ọ̀hún wà, ó kọjú sí odò Potomac. Ẹ fi ọ̀rọ̀ odò yẹn sọ́kàn.

Sẹlẹ́kítọ̀ ní tiẹ̀ ń gbé nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé onílé kan ní Kettering níbí. "My house" ló ń pè é. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí Oyinkán, ó wo odò, ó wo Oyinkán, ó tún wo odò. Ó gbọ́ Somerset nínú fóònù. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin tí kò mọ̀ ju Arsenal lọ ti di ọmọ bíbí inú kíríkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tó ń dá. London fi wákàtí márùn-ún ṣáájú wa. Nígbà tí wọ́n bá ń kéde ẹgbẹ́ lọ́hùn-ún, ìdájí ni níbí. Oyinkán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, fóònù ẹ̀ wà nínú lọ́kà. Sẹlẹ́kítọ̀ á ti jí, á ti ka orúkọ, á ti há gbogbo ẹ̀ sórí. Bí Oyinkán bá ṣe ń wọ mọ́tò báyìí pé kóun máa bọ̀ nílé, fóònù á dún.

"Oyin mi, o ò tíì wo nǹkan kan?"

"Rárá o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni."

"Má wò ó. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀mí mi sọ fún mi."

Á wá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ látorí ẹni àkọ́kọ́ dórí ẹni ìkẹyìn. Oyinkán á délé, á wò ó, ọ̀kan ò ní yẹ̀. Á jókòó sí kíṣìnnì mi tòun ti yúnífọ́ọ̀mù, ojú ẹ̀ á máa dán.

"Àǹtí mi, ọkùnrin yìí mọ kíríkẹ́ẹ̀tì ju àwọn tó ń gbá a lọ!"

Èmi ti mọ ibi tó ti ń rí i. Lọ́jọ́ kan tí yìnyín há a mọ́lé wa, orí àga pálọ̀ ló sùn. Aago márùn-ún ìdájí, fóònù ẹ̀ figbe bọnu. Mo yọjú. Mo bá a tó tẹjú mọ́ fóònù, tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí ọmọ tó ń há Katikísìmù.

Mo ní, "Sẹlẹ́kítọ̀, kí là ń ṣe?"

Ó ní, "Àdúrà ni, Àǹtí Bridget. Ilé yìí ni mò ń gbàdúrà fún."

Mo sọ fún Oyinkán. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ò kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni." Ẹni tó ti ń dá jẹun tipẹ́, tó wá rí ẹni bá a jiyàn Somerset, kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún un?

Àfi ìgbà tí Sẹlẹ́kítọ̀ mú tépù dání wọ yàrá mi. Tépù tí kápẹ́ńtà fi ń wọn nǹkan! Yàrá mi ló rí odò jù nínú ilé. Ó na tépù sí wíńdò mi, ó ń mi orí.

"Àǹtí Bridget, ibí yìí máa dáa fún kíríkẹ́ẹ̀tì mi. Tẹlifíṣàn ńlá níbí, àga mi lọ́hùn-ún, odò níwájú."

"Èmi ńkọ́?"

"Ṣebí ẹ ní mọ̀lẹ́bí ní Accokeek? Atẹ́gùn ibẹ̀ dáa fún àgbàlagbà. Igbó wà, àgbọ̀nrín wà."

"Èmi àtàgbọ̀nrín la jọ máa sùn?"

"Ẹ̀yin náà ẹ máa ń ṣàwàdà!"

"Ṣé Oyinkán mọ̀?"

Ó ká tépù, ó rẹ́rìn-ín. "Oyinkán máa sọ pé 'bẹ́ẹ̀ ni' ní Sátidé. Lójú gbogbo èèyàn." Inú ẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé tépù sójú wíńdò mi.

Sátidé yẹn ni England fẹ́ kéde ẹgbẹ́ tuntun. Sẹlẹ́kítọ̀ ti pe Vicar wa, ó pe àwọn kọ́yà, ó pe Táòfíkì mẹkáníìkì tó múlé tì wá. Ó pe Déolú náà, ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, tó máa ń ṣe "àmín" sí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Gbogbo wọn fẹ́ wá jẹ àkàrà láàárọ̀. Àkàrà ta ni? Àkàrà tèmi.

Déolú ló tú àṣírí ètò ọ̀hún fún mi ní kíṣìnnì, àkàrà kún ẹnu ẹ̀. Ó ní tí Oyinkán bá ti dé, Brọ́dà Láńre máa ka orúkọ, Oyinkán máa wò ó, ó máa bá a mu, àwọn èèyàn máa pariwo. Ariwo yẹn ni Brọ́dà Láńre máa fi kúnlẹ̀ tòun ti òrùka.

"Èmi, tí mo bá ti gbọ́ ariwo báyìí, mo máa jáde pẹ̀lú orin ìyàwó."

"O ò ní kọ́kọ́ yọjú wo ohun tó fa ariwo?"

"Ariwo làdéhùn wa, Àǹtí."

Àmọ́ nǹkan kan ń ṣe Sẹlẹ́kítọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kóòtù funfun ń dán, ojú pọ́n bí ata. Ó lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó jáde. Ó tún lọ.

Mo ní, "Ṣé inú ń run yín ni? Kí n po àgbo?"

Kó tó dá mi lóhùn, Oyinkán wọlé. Inú ẹ̀ dùn, kò tiẹ̀ rántí bọ́ bàtà.

"Ẹ gbọ́ o! Wọn ò tíì kéde! Mo gbọ́ ọ nínú mọ́tò. Orúnkún ń dun Oakshott, àgbà inú ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ dókítà. Ó di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tiwa níbí!" Ó pàtẹ́wọ́. "Láńre, ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀! Lónìí, gbogbo wọn máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ kí London tó sọ̀rọ̀!"

Ẹ wo ojú ọkùnrin! Mo ti rí àgbò lọ́jọ́ iléyá tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Táòfíkì ní, "Kó tó kan orúkọ, ẹ jẹ́ ká jiyàn ná. Ọmọ Somerset tí Àǹtí nọ́ọ̀sì ń fi gbogbo ìgbà sọ yẹn, Wetherby, ṣé ó máa wọlé?"

"Ó gbọ́dọ̀ wọlé!" Oyinkán ti ń nawọ́. "Láti oṣù kẹrin ló ti ń na gbogbo kàúńtì! Oakshott ti darúgbó. Ẹsẹ̀ ẹ̀ tiẹ̀ ti sọ fún un, òun ni kò gbọ́."

Vicar ní, "Àgbà náà ní ìwúlò o."

"Kó wá wúlò nílé, sà!"

Gbogbo wọn kọjú sí Sẹlẹ́kítọ̀. Ó wú ikọ́.

"Wetherby... ṣé ẹ rí i, ó nídìí. Tó bá yẹ kó wọlé, á wọlé. Tí kò bá yẹ, kò ní wọlé."

"Ọ̀rọ̀ ńlá!" Déolú ló kígbe látinú kíṣìnnì.

Táòfíkì ní, "Ìyẹn, èmi náà mọ̀ ọ́n, mọ́tò ni mò ń tún ṣe."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ dá wà pẹ̀lú ẹ̀mí mi," ni Sẹlẹ́kítọ̀ wí. Ó di tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé ibẹ̀ lẹ̀mí ẹ̀ ń gbé?" Táòfíkì ló bi mí.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ débi pé ìtọ̀ ń gbọ̀n Vicar, ó lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń rọra kanlẹ̀kùn. Nígbà tí Sẹlẹ́kítọ̀ máa jáde, ojú ẹ̀ ń dán bí ẹni tí wọ́n fi òróró pa.

"Ó ti dé!" Ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀! Pemberton! Lyle! Ashdown! Marchbanks!" Ó ń kà á lọ bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ẹ̀.

Oyinkán ní, "Wetherby ńkọ́?"

"Ọmọ yẹn ò tíì gbó."

Iwájú orí Oyinkán kájọ. "Pemberton wo lo ń sọ?"

"Pemberton mélòó ló wà? Òun ló máa kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù."

"O mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ gbọ́, ó ní mo mọ̀ ọ́n! Èmi àti Pemberton jọ jẹun ní Kent! Ọkùnrin gìrìwò, irùngbọ̀n dé àyà. Tó bá ń sáré bọ̀ wá ju bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ á máa mì."

"Irùngbọ̀n?"

"Irùngbọ̀n tó ṣe é dì ní ṣùkú!"

Oyinkán jókòó wẹ́rẹ́. "Pemberton bí ìbejì lọ́dún tó kọjá."

"Ṣé mi ò pè é kí i ni? Mo ní, bàbá ìbejì, o kú oríire! Akọ ọkùnrin!"

"Láńre, òun ló lóyún wọn."

Àkàrà bọ́ lọ́wọ́ Táòfíkì.

Oyinkán fọwọ́ kan fóònù ẹ̀, àwòrán yọ gàdàgbà lórí tẹlifíṣàn. Obìnrin ló tò síbẹ̀, gbogbo wọn pátá. Pemberton wà níwájú, ó dirun sẹ́yìn, ó gbé ìbejì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ń dán bí àwo.

"Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nìyí," ni Oyinkán wí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde tiwọn báyìí ni."

Vicar bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó súnmọ́ tẹlifíṣàn. Ó ń wá irùngbọ̀n.

Sẹlẹ́kítọ̀ la ẹnu. Ẹ ò ṣe ní kó panu dé! Ó ní, "Ó ti fá a ni."

Ilé gbiná! Àwọn kọ́yà ń dojú bolẹ̀, Táòfíkì ń na ògiri, èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìró mi. Àárín ariwo yẹn ni Déolú já wọlé láti kíṣìnnì, ó ń fi ṣíbí lu àwo, ó ń kọrin ìyàwó lóhùn òkè, ó ń jó bọ̀.

Oyinkán ní, "Ta ló ń gbéyàwó?"

Déolú wo Sẹlẹ́kítọ̀ tó dúró gbagidi. "Brọ́dà Láńre, ẹ ò tíì kúnlẹ̀ ni? Òrùka dà?"

Ẹ̀rín wá dákẹ́. Ojú Oyinkán ni gbogbo wa ń wò. Àwa lẹ̀rín pa, òun lọ̀rọ̀ dùn.

"Brọ́dà Láńre," ló wí, "gbogbo àárọ̀ tí ẹ fi ń pè mí nínú mọ́tò, ẹ ti kà á tán kí n tó jáde níbi iṣẹ́, àbí?"

Àtìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra, "o" ló ń pè é. Mo gbọ́ "ẹ" yẹn, mo mọ̀ pé yàrá mi ti padà sọ́wọ́ mi.

"Oyin mi, ìfẹ́ ló fà á."

"Ó dáa. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ò tíì lù. Ẹ má wo fóònù. Ẹ sọ ẹnì kan fún mi. Ẹnì kan péré tó máa wọ ẹgbẹ́ yẹn, kí ẹ sì sọ ìdí ẹ̀."

Sẹlẹ́kítọ̀ wo òkè. Ó wo Déolú. Ó yíjú sí wíńdò, ó wo odò. Odò ò bá a sọ nǹkan kan.

Ìgbà tí aago lù, fóònù Oyinkán bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ẹnu ẹni tó ń kà á ò tíì kúrò lórí Wetherby tí àbúrò mi fi fò sókè. "Somerset! Àǹtí mi, ọmọ Somerset wọlé!" Ó dì mọ́ mi, omijé lójú, ẹ̀rín lẹ́nu. Mo bá a fò. Mi ò tíì rí Wetherby rí láyé mi, mo bá a fò.

Láàárín ijó yẹn ni mo rí Sẹlẹ́kítọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi tíṣù di àkàrà mẹ́rin sápò kóòtù funfun, epo ti ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì góòlù.

"Sẹlẹ́kítọ̀! Ẹ dúró fún mi!"

Mo sáré wọ yàrá mi, mo mú nǹkan lójú wíńdò, mo fi lé e lọ́wọ́ lójú Vicar àti gbogbo kọ́yà.

"Tépù yín rèé. Ẹ lọ fi wọn irùngbọ̀n Pemberton."