Ikùn Tó Gé Ọkọ Ìyàwó Jẹ

Ráwíyà gbé àpò ìyá rẹ̀ títí èjìká rẹ̀ fi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ má rò pé àpò kékeré ni o! Aṣọ ijó wà níbẹ̀, bàtà wà níbẹ̀, adé àbẹ́là tó wúwo bí ọlọ tún wà lórí gbogbo ẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ wọ́n ní Òpópónà Mọ̀hámẹ́dì Álì ní Káírò. Súbà oníjó ikùn á máa lọ níwájú, á máa mi ìdí, á máa kí ọ̀tún kí òsì. Ọmọ rẹ̀ á máa bọ̀ lẹ́yìn, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màámi, ìgbà wo lẹ máa jẹ́ kí n dé adé yìí?"

"Ọjọ́ tí mo bá kú."

"Ẹ ò ní kú o."

"Àmín. Máa gbé àpò bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ Ráwíyà mọ̀ ọ́n jó o! Ọmọ náà lè dúró gbagidi láti orí dé ọrùn, láti itan dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ikùn nìkan máa dá ṣe tiẹ̀ láàárín. Àmọ́ níbo ló ti fẹ́ jó o? Ibi tí Súbà bá ti jó, ẹlòmíì kì í jó níbẹ̀.

Orúnkún ló wá gba Ráwíyà sílẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, tí wọ́n ní ìgbéyàwó ní àdúgbò Ìmbábà, orúnkún Súbà wú bí búrẹ́dì. Bàyúmì alápatà ló fẹ́ gbé Kàrímà níyàwó. Súbà ló jó níbi ìgbéyàwó ìyá Bàyúmì, òun náà ni ìyá yẹn sì ní kó wá jó ti ọmọ òun. Súbà gbìyànjú kó dìde, orúnkún ní rárá. Ó tún gbìyànjú, orúnkún ní ṣé kò gbọ́ ni.

"Màámi, ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Èmi á jó."

Súbà wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Ó dáa. Dé adé náà. Èmi á jókòó, màá máa fi ahọ́n ké lú-lú-lú ayọ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ o! Tó o bá dójú tì mí lónìí, àpò lo máa gbé títí wàá fi hu ewú."

"Tí mi ò bá dójú tì yín ńkọ́?"

"Adé di tìẹ nìyẹn."

Háà! Ráwíyà fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kan àjà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí òun nìkan mọ̀ nípa ìyá rẹ̀ ṣá. Kò sí eyín kankan lẹ́nu Súbà tó jẹ́ ti Súbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ré dànù. Bàbá arúgbó kan tó ń ṣe eyín lẹ́yìn ọjà ló ṣe òmíràn fún un, tòkè tìsàlẹ̀, ó wá fi sípíríǹgì so méjèèjì pọ̀ kó má baà sọnù. Tí Súbà bá pa ẹnu dé, ẹ máa gbọ́: kẹ́! Àwọn ará àdúgbò á ní, "Súbà, eyín rẹ mà funfun o!" Súbà á ní, "Omi kànga abúlé wa ni."

Kí wọ́n tó kúrò nílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Súbà ti kó súìtì yànmọtí sẹ́nu.

"Màámi, ẹ fi nǹkan yẹn sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń fa..."

"Fa kí ni?"

"Fa... ẹnu."

"Ẹnu mi ni àbí ẹnu rẹ?"

Ràù, ràù, ràù. Súbà jẹ ẹ́ tán, ó tún lá ìka.

Wọ́n dé Ìmbábà nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti fi aṣọ olóríṣiríṣi àwọ̀ bo gbogbo àdúgbò, èrò ti kún fọ́fọ́. Gúmáà onílù na ìlù: dúm-tẹk! Dúm-dúm-tẹk! Wọ́n tan àbẹ́là orí Ráwíyà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá dé adé àbẹ́là rí ló mọ̀. Èèyàn kì í wolẹ̀! Tó o bá tẹ orí ba báyìí, epo àbẹ́là á kán sí ọ nípéǹpéjú, iná á sì ran gèlè àna ẹlẹ́ni. Ọrùn gbọ́dọ̀ le gan-an. Ikùn nìkan ló lè ṣeré. Ikùn náà gan-an, àwọ̀n ló wà lórí ẹ̀, èyí tí ìjọba ní kí gbogbo oníjó fi bo ikùn káwọn ọkùnrin má baà ya wèrè. Wọ́n ṣì ń ya wèrè.

Ráwíyà bẹ̀rẹ̀ ijó. Àwọn èèyàn ń wò ó bí ẹni ń wo òjò.

Obìnrin kan ní, "Súbà la ní kó wá, ta ni eléyìí?"

Ìkejì ẹ̀ ní, "Ọmọ tó ń gbé àpò fún un kọ́ yìí?"

Súbà gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Kí lòun náà ń jókòó fún? Ó na ọrùn, ó ya ẹnu gbàgà:

"Lú-lú-lú-lú-lú-lú..."

Fìììì!

Eyín fò jáde.

Mo ní eyín fò jáde! Ó gba orí àwo ohun mímu kọjá, ó ku díẹ̀ báyìí kó gba etí àbúrò bàbá ọkọ, ó wá wọ àyà Ráwíyà pọ́! Ó yọ̀ gba inú àwọ̀n wálẹ̀ sẹ̀rẹ̀rẹ̀, ó fìdí kalẹ̀ sórí ìdodo.

Kò sẹ́ni tó rí i. Ìdí ni gbogbo wọn ń wò.

Ráwíyà kàn mọ̀ pé nǹkan tútù, nǹkan tó rin, ti bà lé òun níkùn. "Aláǹgbá!" ló sọ nínú ara ẹ̀. Kò lè wolẹ̀. Kò lè tọwọ́ bọ ibẹ̀ lójú àna alápatà. Ó mi ikùn sọ́tùn-ún kí aláǹgbá lè jábọ́, aláǹgbá lọ sọ́tùn-ún. Ó mi ín sósì, aláǹgbá bá a lọ sósì. Ó wá gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì bí ẹni ibà ń ṣe.

"Yéèèè!" Èrò dìde. "Súbà ò jó báyìí rí!"

Òógùn bo Gúmáà, ó sáré mú ìlù le. Dúm-tẹk-tẹk-tẹk-tẹk!

Ráwíyà wá fi ìdí ojú wo ìyá rẹ̀. Súbà ti fi ìbòrí bo ẹnu, ojú ẹ̀ ti ràn, ó ń nàka sí ẹnu, ó ń nàka sí ikùn. "Ó ń sunkún ayọ̀," ni Ráwíyà wí. "Ìyá mi ń sunkún ayọ̀ nítorí mi!" Inú rẹ̀ dùn, ó tún fi kún ijó.

Súbà rí i pé ọmọ yìí ò gbọ́n. Ó rọra gbé ìbòrí sókè díẹ̀ báyìí.

Erìgì pátápátá! Ó ń dán bí ẹnu ọmọ tuntun.

Ó wá yé Ráwíyà. Yéè! Eyín ni! Eyín ìyá mi ló wà ní ìdodo mi!

Ẹ̀rín ń pa èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí! Ẹ gbà mí o!

Ìgbà yẹn gan-an ni ayàwòrán pariwo: "Ọkọ, ìyàwó, ẹ wá gbọ́wọ́ lé ikùn oníjó!"

Wọn kì í ṣe ìgbéyàwó láìya fọ́tò yẹn. Ikùn oníjó ni wọ́n fi ń tọrọ ọmọ.

Ráwíyà ní, "Ẹ... ẹ jẹ́ ká fi tòní sílẹ̀."

Ìyá Bàyúmì gbọ́wọ́ lé ìbàdí. "Fi kí ni sílẹ̀? Ṣé o ò fẹ́ kí n rí ọmọ-ọmọ ni?"

Kàrímà gbọ́wọ́ tiẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí wàhálà. Ó wá kan Bàyúmì. Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ kan dá ẹfọ̀n wólẹ̀! Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tó fẹ̀ bí àwo lé ìdodo, ó tẹ̀ ẹ́.

KẸ́!

"Yéèèè! Mo kú! Ó gé mi jẹ!"

"Kí ló gé ọ jẹ?"

"Ikùn ni! Ikùn ẹ̀ ní eyín!"

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, Ráwíyà bá ọwọ́ lọ. Ó sá sósì, Ráwíyà bá a sá sósì, àbẹ́là ń jó fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀ lórí. Gúmáà rò pé ijó ni, ó bá ń lùlù fún wọn. Kàrímà ti gun orí àga.

Ìyá Bàyúmì ké tòò: "Wọ́n ti fẹ́ ba ọmọ mi jẹ́! Ẹ tú àwọ̀n yẹn wò! Ẹ mú iná wá!"

Àbúrò bàbá ọkọ ti tan iná fóònù, ó ń bọ̀.

Ráwíyà rí i bí adé ṣe ń lọ. Ó rí àpò tó ń dúró dè é nílé. Tó bá sọ pé eyín ìyá òun ni, Súbà ò ní lè yọjú sí òpópónà mọ́ láéláé. Tí kò bá sì sọ nǹkan kan, alápatà á fi òun ṣe ẹran títà. Ó wo ìyá rẹ̀. Súbà di ìbòrí mú gírígírí.

Ni Ráwíyà bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú oríire o! Ìyá Bàyúmì, ẹ kú oríire! Ṣé gbogbo èèyàn ni ikùn ìdílé wa máa ń gé jẹ ni? Ẹni tó máa bí ọkùnrin nìkan ló máa ń gé jẹ!"

Àbúrò bàbá ọkọ pa iná fóònù.

Ìyá Bàyúmì ní, "Ọkùnrin?"

"Ọkùnrin ni mo wí. Bàyúmì, ìka mélòó ló gé?"

"Méjì ni! Ẹ gbà mí!"

"Ìbejì!"

Ráwíyà wá fa ikùn wọlé, ó yí i láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ìgbà tí omi ń ru, sípíríǹgì là, ìka jáde. Bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kàn án o! Ìyá Bàyúmì ké lú-lú-lú ayọ̀ títí ohùn fi há, ó wó sórí àga. Èrò ya bo agbo.

"Gé èmi náà jẹ!"

"Ẹ tò sẹ́yìn mi, obìnrin márùn-ún ni mo ti bí!"

Bàbá Bàyúmì náà fi ọ̀pá tilẹ̀ dé, ó na ìka síwájú. Ìyàwó ẹ̀ fà á láṣọ. "Bàbá arúgbó, kí lẹ fẹ́ fi ọmọ ṣe?"

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ ọmọ? Ó kàn wù mí kó gé mi jẹ ni."

Nígbà tí wọ́n délé, Súbà gba eyín rẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tì í bọ ẹnu. Kẹ́.

"Ṣé ẹnì kankan rí i?"

"Kò sẹ́ni tó rí i, màámi."

Súbà gbé adé àbẹ́là, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lórí itan. Ráwíyà sunkún títí imú fi di.

Wọ́n rò pé ó ti parí. Ó parí kẹ̀! Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, èrò ti ń kan ilẹ̀kùn: "Ṣé ibí ni ikùn tó ń géni jẹ wà?" Ìyá àti ọmọ sáré lọ ṣe eyín mìíràn lọ́dọ̀ dókítà ìgbàlódé kan. Wọ́n gbé e dé ìgbéyàwó, kò gé ẹnikẹ́ni jẹ, ó kàn ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ti Súbà nìkan ló mọ iṣẹ́.

Bó ṣe di pé tí Ọjọ́bọ̀ bá ti pé, Súbà á jókòó sílé, á fi ìbòrí bo ẹnu, á máa fi erìgì fọ́ ẹ̀wà fúùlù. Aládùúgbò á kọjá: "Súbà, ẹ ò dáhùn ni?" Á nàka sí ọ̀fun pé ó ń dun òun. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Eyín rẹ̀ ni kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, Ráwíyà ti òde ijó dé pẹ̀lú adé lórí, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Màámi! Màámi! Wọ́n ní irú mi ò sí ní gbogbo Káírò!"

Súbà na ọwọ́. Ráwíyà tú eyín nínú áńkáṣífù, ó fi lé e lọ́wọ́. Súbà fọ̀ ọ́ ní sùúrù, ó tì í sẹ́nu, ó pa ẹnu dé.

Kẹ́.

"Irú ta ni? Eyín mi ló ṣiṣẹ́. Ìwọ ṣì ń gbé ẹrù mi ni."