Bí Kásẹ́ẹ̀tì Famúrewá Ṣe Kọ́ Ayé Pé Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ojú lọ̀rọ̀ wà? Ẹ sún mọ́bí. Ẹnu mi ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, nítorí ìdílé tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ gan-an ni ìyá mi ti wá.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Bí wọ́n bá fi owó ẹyọ méjì tó dojú kọra ránṣẹ́ sí ọ, o ti mọ̀ pé ẹnìkan ń wá ojú rẹ. Nígbà tó yá, ìwé dé. Rédíò dé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá dé, inú ayé sì dùn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun kò dúró de akọ̀wé mọ́. Yóò bá kásẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, yóò sunkún sí i, yóò súre sí i, wọn a sì gbé e sọdá òkun.

Ẹ̀rọ yìí ni Famúrewá gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ń tún rédíò ṣe ní ìlú Ìdí-Ìyeyè, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rọ débi pé, bí Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ bá ní orí ń fọ́ òun, á ní, "Bóyá wáyà kan ló já."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Fẹ́yíṣàrà, ni olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Òkè-Ọṣẹ̀. Ibẹ̀ kò jìnnà. Bí o bá ra ẹ̀pà ní Ìdí-Ìyeyè, o kò ní tíì jẹ ẹ́ tán tí wàá fi débẹ̀. Nígbà ìkórè, Famúrewá lọ gba orin wọn sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ní kí àwọn gbọ́ ọ, ariwo bí ẹni ń din àkàrà ló ń jáde. Dípò kí Famúrewá jẹ́wọ́ pé òun ni òun kò nu orí ẹ̀rọ, níwájú gbogbo ìjọ ló ti ní ohùn ẹ̀gbọ́n òun ló ba ẹ̀rọ jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Fẹ́yíṣàrà kò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìgbéyàwó Mojírayọ̀ ọmọ Famúrewá wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá àti ìyá Famúrewá ti kú. Fẹ́yíṣàrà ni àgbà ilé. Bí kò bá wá, ta ni yóò súre fún ìyàwó, ta ni yóò fà á lé ọkọ lọ́wọ́?

"Bàbá Mojí," ni Ìbídùn wí, "ẹ dìde, ẹ lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín."

Ojú ń ti Famúrewá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. "Ayé ti kúrò níbẹ̀, Ìyá Mojí. Ẹ̀rọ ni yóò bá mi dọ̀bálẹ̀."

Ó jókòó sórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó gbé iṣu sísun síwájú, ó tẹ ẹ̀rọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbí yìí. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n, ẹ̀gbọ́n mi…"

Ibẹ̀ ni òbúkọ aládùúgbò wọlé, ó ki ẹnu bọ iṣu.

"Ìwọ olójúkòkòrò yìí!" ni Famúrewá pariwo. "Ṣé iṣu mi lo tún wá jẹ? Wo irùngbọ̀n rẹ! Bí o bá tún fẹsẹ̀ kan ilé mi, màá la igi mọ́ ọ nídìí!"

Òbúkọ sá jáde láìfọhùn. Famúrewá mí kanlẹ̀, ó ní, "Kí Olúwa jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, àmín," ó sì gbé kásẹ́ẹ̀tì fún ìyàwó rẹ̀ pé kó mú un lọ sí Òkè-Ọṣẹ̀. Kò tiẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí Ìbídùn padà dé, ọwọ́ ló fi mú gèlè.

"Ẹ̀gbọ́n yín kó gbogbo akọrin jọ láti gbọ́ ọ."

"Ṣé wọ́n gbọ́ ọ?"

"Wọ́n gbọ́ ọ. Títí dórí irùngbọ̀n."

"Irùngbọ̀n wo?"

"Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín náà béèrè nìyẹn. Wọ́n ní kí wọ́n gbé dígí wá fún àwọn."

"Òbúkọ ni mo ń bá wí!"

"Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn òbúkọ níbẹ̀, Bàbá Mojí. Ohùn yín nìkan ni wọ́n gbọ́."

Famúrewá kò gbà pé ẹ̀rọ ló jẹ̀bi. Ó ti ilẹ̀kùn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó kù nílé ni èyí tó fi gba ohùn oníṣègùn kan tó ń polówó àgúnmu sílẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ó ní kò burú, òun yóò sọ̀rọ̀ lé e lórí. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ronú, á dá ẹ̀rọ dúró, á yí i síwájú díẹ̀, kí ó má baà pa èyí tó ti sọ rẹ́. Gbogbo ibi tó fò yẹn ni oníṣègùn jókòó sí.

Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí Ìbídùn gbé e débẹ̀, àlùfáà àti àwọn alàgbà ni Fẹ́yíṣàrà pè láti ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun tí wọ́n gbọ́ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ohun tó ń bí yín nínú…"

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni!"

"Ẹ dákun, mo fẹ́ kí ọkàn yín fúyẹ́…"

"Ẹ mu ún láàárọ̀, ẹ má jìnnà sí ilé ìyàgbẹ́!"

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, níwájú gbogbo àlejò, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó…"

"Ya á dànù wàràwàrà!"

Ìbídùn ní alàgbà kan tiẹ̀ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta àgúnmu náà. Ṣùgbọ́n Fẹ́yíṣàrà ní kí ẹnikẹ́ni má retí òun níbi ìgbéyàwó. Mojírayọ̀ bú sẹ́kún. Àwọn àna ránṣẹ́ pé ta ni yóò gba àwọn lálejò. Famúrewá tún nawọ́ sí ẹ̀rọ, ni Ìbídùn bá yọ bátìrì inú rẹ̀ kúrò.

"Bàbá Mojí, ẹsẹ̀ yín kì í lo bátìrì. Ẹ máa lọ."

Ó lọ. Lójú ọ̀nà, ó há gbogbo ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sórí. Ó bá Fẹ́yíṣàrà níwájú ilé, níbi tó ti ń sá ilá. Famúrewá dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn gidi, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Omijé ló jáde.

"Gbé ojú sókè," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ó gbé e sókè. Iyanrìn wà nímú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òbúkọ ni."

"Òbúkọ ni kí ni?"

"Òbúkọ ló ní irùngbọ̀n."

Fẹ́yíṣàrà wò ó. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kó tó mọ̀, ẹ̀rín ti gbé e jókòó sórí ilá. "Bí ojú rẹ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí lọ́jọ́ tí o fọ́ ìkòkò ìyá wa, tí o ní ìjì ni. Orin wa ńkọ́?"

"Orí ẹ̀rọ ló dọ̀tí. Ohùn yín dára, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀. Dìde. O ń kó ọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì kiri, ojú rẹ ló wà látọjọ́ yìí."

Fẹ́yíṣàrà wá síbi ìgbéyàwó, ó sì súre títí oúnjẹ fi tutù. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni ní ìlú méjèèjì bá fẹ́ fi ẹ̀rọ bẹ ẹnì kejì, wọn a ní kó dìde, kó lọ bá a.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé òwe yìí ti wà kí wọ́n tó ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Kí onítọ̀hún má fi tẹlifóònù pè mí o. Kó wá síbí, kó wò mí, kó sọ ọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà.