Ẹkún Mosúnmọ́lá àti Òbúkọ Ẹ̀fúnyẹlá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká yìí, ṣé ẹ mọ ohun tó bí òwe àwọn àgbà tó ní, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé òwe yìí ti wà kí fáólìn, ohun èlò orin olókùn àwọn òyìnbó, tó dé ilẹ̀ wa. Ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pa á? Ó dáa, ẹ fara balẹ̀.

Òkè-Ìgbín ló ti ṣẹlẹ̀, abúlé kan lẹ́yìn òkè níbi tí mọ́tò kì í dé. Bí ọkọ̀ bá já èrò sílẹ̀ létí odò, ẹsẹ̀ ni wọn yóò fi rin èyí tó kù. Ọmọ ibẹ̀ ni Tíṣà Akínlàjà, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lórin nílùú ńlá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó dá àjọ̀dún kan sílẹ̀. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Ògọ́sì tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, àwọn olórin mẹ́rin á wá láti ìlú ńlá pẹ̀lú fáólìn kéékèèké mẹ́ta àti sẹ́lò, bàbá fáólìn, tí wọ́n máa ń gbé sáàárín ẹsẹ̀ ta. Orin inú yàrá ni Tíṣà ń pè é. Àwọn ará abúlé bi í pé bó bá jẹ́ ti inú yàrá, kí ló gbé e débi igi ọdán? Tíṣà ní kò sí yàrá tó lè gba gbogbo wọn.

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí wọ́n ru sẹ́lò náà wá nínú àpótí rẹ̀, gbogbo ọkùnrin tó pàdé rẹ̀ lọ́nà oko ló ṣí fìlà. Wọ́n rò pé òkú ni. Lọ́dún kẹrin, ikú wá lóòótọ́, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sì mú lọ.

Mosúnmọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ló ni ìtàn yìí. Lórí ibùsùn àìsàn ni Tíṣà ti kọ orin kan fún àwọn olórin mẹ́rin náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kò sì sí òmíràn. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, olórí àwọn olórin, bẹ Mosúnmọ́lá títí pé kí ó jẹ́ kí òun mú un lọ dà kọ nílùú ńlá. Mosúnmọ́lá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ohun tí ọwọ́ ọkọ òun fi kẹ́yìn nìyẹn, kò ní kúrò nílé òun. Mo mọ̀ pé ẹ óò ní kò gbọ́n. Ẹni tí kò tí ì pàdánù ẹnìkejì rẹ̀ kò mọ ohun tí bébà lè dà lójú ènìyàn.

Nígbà tí Ògọ́sì tó tẹ̀ lé e dé, wọ́n fẹ́ ta orin náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Àṣà kan sì wà ní Òkè-Ìgbín: bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ òkú nígbà àkọ́kọ́, opó rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó níwájú, kí ó fi gèlè ṣíji bojú, kí ó sì sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹkún náà kò gbọdọ̀ dá. Bó bá dá, wọ́n á ní ó ti lé ọkọ rẹ̀ jáde nílé. Ẹ̀fúnyẹlá, ẹ̀gbọ́n Tíṣà obìnrin, ló ń bójú tó àṣà yìí. Obìnrin náà le, ó sì ní òbúkọ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ẹ̀fúnyẹlá ní, "Ìyàwó, n óò jókòó tì ọ́. Bí ẹkún bá dá lẹ́nu rẹ, n óò gbọ́."

"Ìyáa wa, kò ní dá," Mosúnmọ́lá dáhùn. "Ẹkún ò wọ́n lọ́wọ́ mi láti ìgbà tó ti lọ."

Lọ́jọ́ náà, gbogbo abúlé pé sábẹ́ igi ọdán. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé dìde.

"Ẹ̀yin ẹbí wa, ìpín mẹ́ta ni orin yìí ní. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má jó. Ẹ di ojú yín, kí ẹ lè gbọ́ ọ dáadáa."

Gbogbo wọn dijú. Wọ́n dì í débi pé àwọn bàbá kan bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ìwé ìpín kìíní àti ìkejì wà níwájú àwọn olórin. Ti ìpín kẹta, bébà mẹ́rin, ọ̀kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọn, wọ́n sì gbé òkúta lé e nítorí afẹ́fẹ́.

Orin bẹ̀rẹ̀. Mosúnmọ́lá gbọ́ ọkọ rẹ̀ nínú rẹ̀, bó ṣe máa ń rọra wọlé, bó ṣe máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀. Ẹkún gbé e. Kì í ṣe ẹkún àṣà mọ́. Nínú omijé yẹn, láti abẹ́ gèlè, ló ti rí òbúkọ Ẹ̀fúnyẹlá tó yọ lẹ́yìn bẹ́ǹṣì. Òbúkọ fi imú ti òkúta, òkúta já bọ́. Ó fa bébà kan yọ, ó sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àgbà tó ń jẹ obì.

Bí Mosúnmọ́lá bá dìde, tí ẹkún dá, wọ́n á ní ó lé ọkọ rẹ̀ jáde. Bó bá jókòó, òbúkọ á jẹ èyí tó kù nínú ọkọ rẹ̀ tán. Ó bá fi ọ̀rọ̀ náà sínú ẹkún.

"Akínlàjà o! Òbúkọ ń jẹ ọ́ lọ o!"

Àwọn obìnrin ilé, tí ojú wọn dì, gbè é: "Ó ń jẹ ọ́ lọ o!"

"Ó ti jẹ ọ̀kan tán o! Ó ti kan èkejì o!"

"Ó ti kan èkejì o!"

Ẹ̀fúnyẹlá fọwọ́ bà á léjìká, ojú òun náà dì. "O ṣeun, ìyàwó. Bí wọ́n ṣe ń sunkún ọkọ nìyẹn."

Nígbà tí òbúkọ kan ẹ̀kẹta, ara Mosúnmọ́lá ò gbà á mọ́. Ó dìde tẹkúntẹkún, ó sáré gba àárín àwọn olórin kọjá. Àwọn yẹn rò pé orin ló wọ̀ ọ́ lára, wọ́n túbọ̀ tẹra mọ́ ọn. Òbúkọ ki bébà tó kù sẹ́nu, ó kọrí sódò. Mosúnmọ́lá gbá tẹ̀ lé e, kò sì jẹ́ kí ẹkún dá, torí ó mọ̀ pé etí Ẹ̀fúnyẹlá ń bẹ lẹ́yìn òun.

Ẹkún tó ń jìnnà ló mú kí àwọn ènìyàn lajú. Kí ni wọ́n rí? Opó tó ń sunkún, tó ń sáré lọ sódò.

"Ẹ mú un o! Ó fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lọ!"

Gbogbo abúlé tú jáde. Ọkùnrin mẹ́fà dì í mú létí omi. Ó ń nawọ́ síwájú, wọ́n rò pé ọ̀run ló ń nà án sí. "Ìyá, ẹ ṣọkàn akin," ni wọ́n ń wí. Òbúkọ dúró nítòsí, ó ń wò wọ́n, ó ń jẹnu lọ.

Mosúnmọ́lá bọ́ ìborùn sí wọn lọ́wọ́, ó já gbà, ó fò mọ́ òbúkọ lọ́rùn, ó sì la ẹnu rẹ̀. Ẹ̀fúnyẹlá dé, ó ń pariwo pé ta ló fọwọ́ kan ẹran òun. Bébà kan ló jáde, ó tutù, igun rẹ̀ kan ti lọ. Ti sẹ́lò ni.

Wọ́n padà sábẹ́ igi. Ẹni tó ń ta sẹ́lò tẹ́ bébà náà sórí itan, ó nù ún, ó sì nìkan ta ìpín kẹta. Níbi tó yẹ kí àwọn yòókù ti dáhùn, ó dúró dè wọ́n, ẹnikẹ́ni ò sì dáhùn. Mosúnmọ́lá mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Òun náà ló ti ń bá a gbé nínú ilé láti ọjọ́ yìí wá.

Nígbà tó parí, Ẹ̀fúnyẹlá dìde níwájú Baálẹ̀. "Baálẹ̀ wa, mo ní ẹjọ́. Ẹni tó ń sunkún ọkọ rẹ̀ lóòótọ́, báwo ló ṣe rí òbúkọ? Ìyàwó yìí ti lé àbúrò mi jáde!"

Gbogbo ojú yí sí Mosúnmọ́lá. Ó nu imú.

"Ìyáa wa, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ò sunkún, ojú yín dì. Èmi tí mò ń sunkún nìkan ni mo rí ẹran yín. Ká ní mo dijú bíi tiyín ni, kí là bá gbọ́ lónìí nínú ohun tí àbúrò yín fi sílẹ̀?"

Láti ọjọ́ tí Tíṣà ti kú, iṣẹ́ ṣíṣọ́ ẹkún ẹlòmíràn ò jẹ́ kí Ẹ̀fúnyẹlá ráyè sun tirẹ̀. Orí rẹ̀ wálẹ̀, ó ké, "Àbúrò mi o! Àbúrò mi o!" Omijé ń dà wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo èrò, Mosúnmọ́lá fúnra rẹ̀ lọ dì mọ́ ọn.

"Àbúrò mi o!" Ẹ̀fúnyẹlá tún ké. "O lọ o fi mí sílẹ̀ o... Ẹ lé òbúkọ yẹn o, ó ti débi okùn sẹ́lò!"

Baálẹ̀ gbé fìlà rẹ̀ dé. Ó ní ẹjọ́ ti parí, kí gbogbo ayé máa lọ sílé, nítorí bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.