Àgbo Nana Bediatuo àti Ẹ̀jẹ̀ Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ má sọ pé ìlara ni o. Àbúrò mi obìnrin tó ń wá ọmọ ló fi ọdún gbáko mu àgbo ọkùnrin yìí, tó pa ọsibítù tì, tí kò rí nǹkan kan ju inú rírun lọ. Tí mo bá bú u, mo lẹ́tọ̀ọ́.

Nana Bediatuo! Kò sẹ́ni tó fi í jẹ oyè Nana, òun ló fi ara ẹ̀ jẹ ẹ́. Akọ àgbò Takoradi! Ọkùnrin tó ń ró aṣọ kente lọ ra búrẹ́dì! Nígbà tí Adwoba ìyàwó ẹ̀ lóyún, tí obìnrin náà ti lé lógójì dáadáa, ó gbé e jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù àgbo ẹ̀ ní Market Circle, ó ń nàka síkùn ẹ̀.

"Ẹ wo iṣẹ́ ìgò kan péré! Dókítà wo? Èmi ni mo ṣe é!"

Àkùkọ tó ní òun lòun ń mú oòrùn yọ, kò tíì rí àárọ̀ tí wọ́n fi í se ọbẹ̀ ni.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Adwoba ní ọsibítù, kí wọ́n fi òun àti ọjọ́ orí ẹ̀ mọ̀ bóyá ewu àrùn àbímọ́ni wà fún ọmọ inú. Nọ́ọ̀sì béèrè pé, "Ṣé ọsibítù ló bá yín ṣe oyún yìí?"

Adwoba ò tíì lanu tí Nana fi gbà á. "Sista, ṣé mo jọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣe é?"

Ìyàwó ẹ̀ dorí kodò.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́ fáwọn tó ń wá ọmọ. Adwoba já wọlé, omi lójú.

"Nana, èsì ẹ̀jẹ̀ ti dé! Wọ́n ní ewu tó wà fún ọmọ pọ̀. Wọ́n fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́ níkùn kí wọ́n lè mọ̀ dájú, abẹ́rẹ́ náà sì lè ba oyún jẹ́!"

"Rọra sọ̀rọ̀, àwọn oníbàárà ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́! Ọjọ́ orí ẹyin ló ń mú ewu pọ̀, ọjọ́ orí mi ni wọ́n sì fi ṣírò. Ṣé ẹyin mi la fi ṣe oyún ni? Ọmọbìnrin tó fún wa ní ẹyin tiẹ̀ ní Accra, ọjọ́ orí ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n lò! Dókítà Accra tó gbé oyún sí mi nínú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là á yé mi lórí fóònù!"

Nana rẹ́rìn-ín bí ewúrẹ́ tí wọ́n ká mọ́dìí iṣu.

"Ẹ má dá a lóhùn. Orí aboyún máa ń gbóná."

"Tèmi ti tutù. Mò ń lọ sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ìwọ máa bá ìgò ẹ sùn."

Obìnrin kan gbé àgbo ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. "Maame Adwoba, ẹ dúró! Ọsibítù wo ni, l'Accra?"

Ni gbogbo wọn bá tú jáde tẹ̀ lé e. Àbúrò mi ló ṣáájú.

Nọ́ọ̀sì tún un ṣírò pẹ̀lú ọjọ́ orí ọmọbìnrin yẹn, ewu náà wálẹ̀ gan-an, wọ́n ní kò sídìí fún abẹ́rẹ́ mọ́.

Nana ńkọ́? Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù òfìfo, ó ń pariwo sáwọn tó ń kọjá pé àgbo náà dára fún ẹ̀yìn dídùn.